Ìdárà ni, kì í ṣe Ìsọdọ̀tun

Ó ń bí mi nínú pé níbikíbi tí wọ́n bá ti ń kọ̀wé nípa ọgbọ́n tuntun ní ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé, 'ìsọdọ̀tun' ni wọ́n ń kọ. Ọ̀rọ̀ yòókù kò ni mí lára. Sìmẹ́ǹtì, bíríkìlà, kápẹ́ńtà, kọnkéré: wọ́n ti di ọmọ ilé, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ohun tí a rà lọ́jà lè máa jẹ́ orúkọ tó bá wá. Agbaṣẹ́ṣe náà dára, àwa la hun ún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọpọlọ gbọ́dọ̀ ní orúkọ tó bá a mu.

Ohun tó ti gbó ni à ń sọ di ọ̀tun. Ẹni tó tún ilé bàbá rẹ̀ kùn, tó pààrọ̀ páànù, ó sọ ilé dọ̀tun. Ẹ wá wo ọ̀nà Obajana sí Kábà, ní ìpínlẹ̀ Kogí tiwa níbí. Dangote, tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Obajana, àti AG-Dangote, ilé-iṣẹ́ tí òun àti Andrade Gutierrez ti Bràsíl jọ dá sílẹ̀, fi kọnkéré ṣe ọ̀nà tó ju kìlómítà 40 lọ, níbi tí ẹlòmíràn ì bá ti da ọ̀dà. Inú owó orí tó yẹ kí wọ́n san fún ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ti yọ owó iṣẹ́ náà. Ní 2019 ni Ààrẹ Buhari fi àṣẹ fìdí irú ètò bẹ́ẹ̀ múlẹ̀. Ọgbọ́n àná wo ni wọ́n sọ dọ̀tun níbẹ̀?

Àwọn kan fẹ́ 'ìhùmọ̀'. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n inú ni ìhùmọ̀ ń gbé. Ibi pàápàá, ènìyàn a máa hùmọ̀ rẹ̀. Èmi fara mọ́ dá àrà. Ẹ wo 'dá': dáko, dáṣà, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó dá nǹkan ni nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀. Àrà sì ni ohun tí ojú rí tí ẹnu ń ròyìn. Àwọn kan ní ti onílù àti télọ̀ ni àrà. Ta ló wá sọ pé bíríkìlà kì í dárà?

Àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá pe iṣẹ́ ọ̀gá tó ń darí irú ọgbọ́n tuntun bẹ́ẹ̀ ní 'àbójútó àrà', tí wọn kò sì fi àmì ohùn sí i lára pátákó, yóò di ìtọ́jú ara. Ìdí nìyí tí mo fi mú 'ìdárà': bí àmì bá bọ́ lára rẹ̀, 'dára' ló sún mọ́, kò sì ba nǹkan jẹ́.

Fún iṣẹ́ ọ̀gá náà, àbójútó ni mo yàn dípò ìṣàkóso. Orí àga ni àkóso ti ń wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bójú tó nǹkan, ojú rẹ̀ tó o. Ọ̀gá tó fẹ́ ìdárà yóò dé ibi iṣẹ́, yóò sì ya owó sọ́tọ̀ fún ìdánwò.

Kì í ṣe òní ni a ti ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ: ní 1843 ni Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, òun kan náà ló dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà ní 1865. Ẹ̀yin bíríkìlà Ọ̀wọ́rọ̀ àti Ọ̀kun ní Kogí wa, bí ẹ̀ka èdè tiyín bá ní ọ̀rọ̀ tó ju ìdárà lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ síta kí wọ́n tó tẹ ìwé mìíràn.