Iye Ìró Èdè Ubykh àti Ẹnu tí Wọ́n ti Gbọ́ ọ

Ó ṣọ̀wọ́n kí ìwé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè dárúkọ Ubykh láìfi kún un pé kọ́ńsónáǹtì 84 ni ó ní, àti pé fáwẹ̀lì rẹ̀ kò ju 2 lọ. Iye yìí kì í ṣe àròsọ. Ohun tí ó yẹ ní àyẹ̀wò ni bí wọ́n ṣe ń tò ó sínú ìwé bí ẹni pé ti gbogbo ará Ubykh ni láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnu tí ń sọ èdè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí wọ́n tó kà á.

Ubykh wà nínú ẹbí èdè àríwá-ìwọ̀-oòrùn Caucasus, pẹ̀lú Abkhaz, Abaza, Adyghe àti Kabardian. Etí Òkun Dúdú, ní agbègbè tí ìlú Sochi wà lónìí, ni ilé àwọn tí ń sọ ọ́. Nígbà tí Rọ́ṣíà ṣẹ́gun wọn ní 1864, wọ́n fi ilé sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ ọba Ottoman. Ọ̀pọ̀ ni ó kú. Ní ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí, èdè Tọ́kì àti Adyghe ni ó yí wọn ká, àwọn méjèèjì ni àwọn ọmọ sì ń gbọ́ dàgbà.

Ohun tí ó mú kí kọ́ńsónáǹtì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ibi ìsẹ́nupè kan ṣoṣo lè bí ọ̀wọ́ ìró. Àwọn tí wọ́n ń fi bẹ́lúbẹ́lú pè nìkan tó 20. Wọ́n lè pe ìró kan lásán. Wọ́n lè ká ètè róbótó pè é. Wọ́n lè gbé àárín ahọ́n sókè sí àjà ẹnu. Wọ́n sì lè pa tán-án-ná dé kí ìró náà tó tú jáde. Ìyàtọ̀ wọ̀nyí ń fa ìyàtọ̀ ìtumọ̀. Níbi tí kọ́ńsónáǹtì bá ti gba iṣẹ́ ṣe báyìí, díẹ̀ ni ó kù fún fáwẹ̀lì: bí ètè bá ti ká fún kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì tí ó sún mọ́ ọn a máa dún bí u tàbí o. Irú èyí ni Kuipers rí nínú Kabardian tí ó fi kọ ọ́ ní 1960 pé èdè náà kò ní fáwẹ̀lì kankan gẹ́gẹ́ bí fóníìmù. Àṣejù ni, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò sì gbà á.

Gírámà wọn kò ṣeé yà kúrò lára ìró yìí. Nínú Abkhaz, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ilǝstoit, ni wọ́n fi ń sọ pé ‘mo ń fún obìnrin náà ní nǹkan náà’. I ni nǹkan náà, l ni obìnrin tí ó gbà á, s ni ẹni tí ń fúnni, t sì ni fífún. Bákan náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe Ubykh ṣe ń kó olùwà àti àbọ̀ mọ́ra. Ẹni tí ó bá ṣi ìró kan gbọ́ ti ṣi ẹni tí ó ṣe nǹkan mọ̀.

Ìdí nìyí tí àṣìṣe àwọn olùkọ̀wé ìṣáájú fi ṣe pàtàkì. Georges Dumézil, ará Faransé tí ó ṣe olùkọ́ ní Istanbul láti 1925 sí 1931, tẹ ìwé jáde lórí Ubykh ní 1931. Ìwé atúmọ̀-èdè Hans Vogt, ará Norway, jáde ní 1963, Dumézil sì tún ọ̀pọ̀ nǹkan inú rẹ̀ ṣe. Tevfik Esenç, ará abúlé Hacı Osman, tí àwọn òbí rẹ̀ àgbà tọ́ dàgbà nínú èdè náà, ni atọ́nà pàtàkì. Orúkọ rẹ̀ wà gẹ́gẹ́ bí alábàáṣiṣẹ́ nínú ìwé tí Dumézil kọ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe Ubykh ní 1975, ohun tí ó tọ́ sí i, tí kì í sì í sábà tọ́ irú wọn lọ́wọ́.

Ẹnu rẹ̀ ni 84 náà ti wá. Ní abúlé Karacalar, ẹ̀ka èdè mìíràn wà: àwọn d àti t tí wọ́n ń ká ètè pè ti di b àti p níbẹ̀. Ká ní ibẹ̀ nìkan ni àwọn onímọ̀ dé, iye tí yóò wà nínú ìwé ìbá dín sí 84. Nínú 84 pàápàá, 4 kì í sí àfi nínú ọ̀rọ̀ àyálò àti ọ̀rọ̀ afarawé-ìró.

Esenç kú ní oṣù Ọ̀wàrà 1992. Ohùn rẹ̀ wà nínú téèpù ní Paris, ibẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá ń jiyàn lórí ìró kan ń lọ gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tí yóò bẹ̀ mọ́ pé kí ó tún un pè.