tún … ṣe (ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là)

Láti mú ohun tí ó bàjẹ́ padà sí ipò tí yóò fi wúlò. Láti mú àbùkù kúrò lára nǹkan. *Wọ́n tún afárá náà ṣe. Ẹ bá mi tún aago yìí ṣe.*

Orísun rẹ̀ kò fara sin: *tún*, tí ó ń fi hàn pé nǹkan wáyé lẹ́ẹ̀kan sí i (òun náà ni ó wà nínú Babátúndé àti Yétúndé), àti *ṣe*. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ wọn ti kọjá “ṣe lẹ́ẹ̀kejì”, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ti ń ṣìnà. Ipò àbọ̀ ni ó ń ya ìtumọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. *Ó tún iṣẹ́ náà ṣe*: iṣẹ́ ti wà nílẹ̀, ó ní àbùkù, a sì mú àbùkù náà kúrò. *Ó tún ṣe iṣẹ́ náà*: ó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí a bá fi arọ́pò-orúkọ rọ́pò àbọ̀, a ó ní *tún un ṣe* àti *tún ṣe é*. Nínú ìwé àdéhùn, ìyàtọ̀ yìí lè sọ agbaṣẹ́ṣe tí ó yẹ kí ó dí ihò orùlé di ẹni tí yóò ṣe orùlé mìíràn. Lójú fóònù pẹ̀lú, bọ́tìnnì tí a kọ *Tún ṣe* sí yóò yé òǹkàwé sí “ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i”. Fún yíyí ọ̀rọ̀ padà, *Àtúnṣe* ni ó yẹ, bí Wikipedia Yorùbá ti lò ó.

Òdì kejì rẹ̀ ni *bà … jẹ́*, tí òun náà ń là sí méjì: *ó bà á jẹ́, mo tún un ṣe*. Wọn kò bára dọ́gba tán, ṣá o. A lè sọ pé *ọkọ̀ náà bàjẹ́*, láìdárúkọ ẹni tí ó bà á jẹ́. *Ọkọ̀ náà túnṣe* kò bójú mu. *Wọ́n ti tún ọkọ̀ náà ṣe* ni a ń sọ.

Kì í ṣe ohun tí ó fọ́ nìkan ni a ń tún ṣe. *Ẹ tún ilé ṣe, àlejò ń bọ̀* kò ju gbígbá àti títò lọ. A ń tún ara ṣe, a ń tún ìwà ṣe, a sì ń fi oyè Atúnlùúṣe dá ẹni tí ó mú ìlú gòkè lọ́lá. Nínú orúkọ Olúwatúnmiṣe, àbọ̀ *mi* ṣì jókòó sí àárín.

Níbi tí iṣẹ́ bá ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, òun ni kí a lò: a ń rán igbá tí ó fọ́, a ń to eegun tí ó ṣẹ́, a sì ń jó irin tí ó já pọ̀.