Ìbò Tó Lé Ẹgbẹ́ Grunitzky Kúrò Lórí Àlééfà ní Tógò, 1958

Iye ọdún tí àwọn òǹkọ̀wé ń kà fún ẹgbẹ́ PTP ti Grunitzky lórí àlééfà kò dọ́gba. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ láti 1956, nígbà tí Nicolas Grunitzky di olórí ìjọba ní Lomé. Àwọn mìíràn láti 1951, nígbà tó fẹ̀yìn Martin Aku gbálẹ̀, tó sì wọ ilé aṣòfin ní Paris. 1951 lèmi fara mọ́, nítorí láti ìgbà náà ni ọwọ́ àwọn aláṣẹ Faransé ti wà lẹ́yìn wọn gbangba.

Ní 1955, ẹgbẹ́ CUT ti Sylvanus Olympio kọ̀, wọn ò bá wọn dìbò. Ọ̀nà là fún PTP àti UCPN tó lẹ́sẹ̀ ní àríwá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Faransé ní kí ará ìlú dìbò kí Tógò lè bọ́ lábẹ́ àbójútó Àjọ Àgbáyé. Àjọ náà ò gbà. Wọ́n ní àfi kí wọ́n tún dìbò, ti ilé aṣòfin Tógò, tọkùnrin tobìnrin tó bá ti dàgbà, wọ́n sì rán Max Dorsinville, ará Haiti, wá ṣọ́ ọ.

Ní 27 oṣù kẹrin 1958, CUT àti àwọn alájọṣe rẹ̀ gba 29 nínú àga 46, UCPN gba 10, àwọn tí kò lẹ́gbẹ́ gba 4. PTP tó wà lórí oyè gba 3 péré! Orúkọ Olympio ò sí lára àwọn olùdíje rárá, ẹjọ́ owó kan ní 1954 ti gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ òun ló di olórí ìjọba. Àna ni wọ́n sì jẹ́ síra: láti ilé Grunitzky ni Olympio ti fẹ́yàwó.

Àwọn kan ní Dorsinville ló gbé CUT wọlé. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Faransé ṣì ló ṣètò ìbò náà. Iṣẹ́ alámòójútó ni tirẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìbò dì ló yí i padà. Ti àwọn tó ní ìjà Ewé àti ará àríwá lásán ni, kò yẹ ká fi àkókò ṣòfò lé e lórí: Grunitzky kì í ṣe ará àríwá, Atakpamé, láàárín àwọn Ifẹ̀, ìbátan àwa Yorùbá, ni wọ́n bí i sí.

Òmìnira dé ní 27 oṣù kẹrin 1960. Nígbà tó di 1961, ẹgbẹ́ Olympio nìkan ló díje. Àwọn ṣọ́jà pa á ní 13 oṣù kìíní 1963, Grunitzky padà wọlé, ṣọ́jà kan, Eyadéma, sì lé e ní ọjọ́ kan náà ní 1967. Ní oṣù kẹrin 2024, Tógò dìbò ìgbìmọ̀ ẹkùn fún ìgbà àkọ́kọ́; kò rí bíi ti 1958, ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè, UNIR ti Faure, ọmọ Eyadéma, ló borí, ó gba 137 nínú àga 179.