Àwọn Dókítà Èkó Àtijọ́ àti Owó Ọwọ́ Aláìsàn

Bí a bá dárúkọ Dókítà Obadiah Johnson, ìwé ìtàn Yorùbá ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lọ sí. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ó kọ ọ́. Nígbà tí ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù ní ìlú Òyìnbó, Obadiah ni ó tún un tò. Àwọn méjèèjì ti kú kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó fi ń jẹun ni mo fẹ́ sọ. Ó fi iṣẹ́ dókítà ìjọba sílẹ̀, ó dá dúró l'Ékòó; bẹ́ẹ̀ náà ni John Randle ṣe. Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ oníṣègùn kan sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì là á sílẹ̀ pé ọmọ Òyìnbó nìkan ni yóò wọ̀ ọ́. Ọmọ dúdú tí ó gba ìwé ẹ̀rí kan náà ńkọ́? Kí ó lọ máa retí ohun tí aláìsàn bá mú dání ni! Kò sí ètò adójútòfò ìlera nígbà náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, 1911 ni òfin rẹ̀ dé, òṣìṣẹ́ ni ó sì wà fún, kì í ṣe aya àti ọmọ rẹ̀.

Èmi kò lè bú owó yìí tán. Òun ni ó sọ àwọn baba wọ̀nyí di ẹni ara wọn. Ní 1908, Randle àti Dókítà Òrìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó omi tí ìjọba fẹ́ gbà l'Ékòó. Ẹni tí ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba, ta ni yóò dán an wò?

Aláìsàn ni ọ̀ràn náà há mọ́ lọ́rùn. Nínú ìwé Johnson kan náà ni a ti ka nípa èésú, tí àwọn ènìyàn ń dáwó jọ tí wọ́n sì ń kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti nípa ìwọ̀fà, tí ẹni tí ó yá owó ń fi ara rẹ̀ sìn. Àìsàn kì í sì í dúró de ẹni tí èésú kàn.

Òfin adójútòfò ìlera dé Nàìjíríà ní 1999, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2005, òfin 2022 sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀ àpò aláìsàn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú ti ń jáde. Ní ilé ìwòsàn aládàáni kan tí mo mọ̀, owó àsansílẹ̀ ni kí a tó gba ènìyàn sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ará ilé a sì sáré tẹ olórí èésú láago, pé kí ó jọ̀wọ́ kó tiwọn fún wọn ṣáájú ẹni tí ó kàn.