Ìwọ̀n Ẹrù Nìwọ̀n Kẹ̀kẹ́

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọkùnrin kan wà tó ń ta òdòdó létí títì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ rẹ̀: wọ́n ní kó wá tún iwájú ilé kan ṣe. Koríko kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fẹ́, igi másíkúréèdì mẹ́fà, ìgbẹ́ adìyẹ àpò mẹ́wàá, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ dúdú. Onílé ti san àsansílẹ̀. Ó wá ku bí ẹrù ṣe máa débẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní kó lọ yáwó, kó ra pick-up, pé bí ọkọ̀ bá ti wà nílẹ̀, iṣẹ́ máa wá bá a. Èkejì ní kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ló dáa. Ìyá rẹ̀ gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó ní, “Ṣebí alábárò wà lọ́jà?”

Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti ń ṣe ọgbà ni ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀: iyẹ̀pẹ̀ wúwo, igi gùn, òdòdó ò fẹ́ ìyà, kí la máa fi gbé wọn? Bí ẹ bá tẹ̀lé ìtàn ìbéèrè náà dáadáa, ẹ máa rí i pé gbogbo ohun tí wọ́n ti fi kẹ́rù rí, ibì kan ló ń gbé ìwúwo ẹrù sí. Ó lè gbé e sórí ènìyàn, ó lè gbé e sí apá, ó lè gbé e sórí táyà. Ó sì lè gbé e sínú àpò ẹni, ìyẹn ni pé kó di gbèsè. Èyí tó kẹ́yìn yìí lojú kì í tètè rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Íjíbítì. Ní nǹkan bí 3,500 ọdún sẹ́yìn, Hatshepsut, obìnrin tó jọba níbẹ̀, rán ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Punt. Lára ohun tí wọ́n kó bọ̀ ni igi tùràrí, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé, igi tó ṣì ń mí, pẹ̀lú gbòǹgbò. Wọ́n gbẹ́ àwòrán ìrìn àjò náà sára ògiri tẹ́ńpìlì rẹ̀ ní Deir el-Bahari, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Nínú àwòrán náà, gbòǹgbò igi wà nínú apẹ̀rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ rọ̀ sára ọ̀pá, àwọn ọkùnrin kan gbé ọ̀pá náà níwájú, àwọn kan gbé e lẹ́yìn. Èjìká ló ru gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: wọn ò fa igi náà níhòòhò. Wọ́n ti mọ̀ nígbà yẹn pé bí a bá gbé igi tí a ò gbé ilẹ̀ ìdí rẹ̀, òkú igi la gbé. Ọ̀rá dúdú tí àwọn olódòdó ń lò létí títì lónìí, ọmọ ìyá apẹ̀rẹ̀ yẹn ni.

Àwọn ará Ṣáínà náà wá ọ̀nà láti gbé ìwúwo náà kúrò léjìká. Ó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún tí bárò ti wà lọ́wọ́ wọn. Bárò tiwọn ò sì dà bí tiwa o. Táyà kan ṣoṣo, ńlá, ló wà láàárín, ẹrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tó fi jẹ́ pé táyà ló ń ru ìwúwo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Iṣẹ́ ẹni tó ń tì í ò ju kó má jẹ̀ẹ́ kó ṣubú. Ní Yúróòpù, ó di nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹtàlá kí bárò tó hàn, tiwọn sì ní táyà níwájú pátápátá. Ẹrù wà láàárín táyà àti ọwọ́, nítorí náà apá ń ru lára ẹ̀. Irú ti Yúróòpù yìí ló dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí alábárò tó bá mọṣẹ́ fi máa ń ti ẹrù tó wúwo jù síwájú, sítòsí táyà. Kò lọ síléèwé kankan kó tó mọ̀ ọ́n. Apá ẹ̀ ló kọ́ ọ.

Nígbà tó di ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ fi 30 ọdún dúró de igi kó tó dàgbà. Ọkùnrin tí wọ́n máa ń bẹ̀ níṣẹ́ ni Lancelot Brown, tí wọ́n bí ní 1716, tó sì kú ní 1783. Brown ní irinṣẹ́ kan tó fi ń gbé igi tó ti dàgbà: ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n fi sára irin àárín táyà méjì. Wọ́n á gbé ọ̀pá náà nàró sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, wọ́n á so ó mọ́ igi náà gírígírí, wọ́n á wá fa orí ọ̀pá wálẹ̀. Bí ọ̀pá ṣe ń bọ̀ nílẹ̀ ni gbòǹgbò ń já kúrò nílẹ̀, igi á sì sùn sórí táyà, ẹṣin á fà á lọ. Ohun kan náà ló fi hú igi, òun náà ló fi gbé e. Ó yẹ ká fi èyí sọ́kàn: kì í ṣe pé irinṣẹ́ Brown tóbi ló jẹ́ kó wúlò, ó bá ẹrù tó fẹ́ gbé mu ni.

Ẹ ó wá bi mí pé, ní gbogbo ìgbà yẹn, kí làwọn baba wa ń ṣe? Kí ló dé tí táyà ò sí nílẹ̀ wa? Àìgbọ́n kọ́ o. Ẹṣin wà ní Ọ̀yọ́ ilé, òun ni wọ́n fi ń jagun. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin bá wọ igbó ìsàlẹ̀, eṣinṣin tsetse á jẹ ẹ́, àìsàn á mú un, kì í sì í pẹ́ tó fi ń kú. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí kò ní ẹran tí yóò fà á, lórí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ẹni méjì ò lè rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ló fẹ́ ṣe? Orí ló dé ibi tí táyà ò lè dé. Òṣùká aṣọ tàbí ti ewé, apẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, ọrùn tó dúró ṣánṣán: ètò ìkẹ́rù tó bá ọ̀nà wa mu nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi oyin sí i. Ọrùn ènìyàn ló ń san owó rẹ̀. Láyé òyìnbó amúnisìn, ẹrù tí wọ́n ń dì fún aláàárù kan máa ń tó nǹkan bí 60 pounds, ìyẹn kìlógíráàmù 27. Ẹ bu iyanrìn sínú ike ọ̀dà oní-lítà 20 kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ gbé e lé orí, kí ẹ máa bá a lọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ aláàárù ni kò yàn án fúnra rẹ̀; wọ́n fipá mú wọn ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n kó àwọn aláàárù láti Nàìjíríà lọ síbi ogun Kamẹrúùnù.

Ní 1887, ìjọba Èkó dá ọgbà ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ebúté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ irúgbìn bíi kòkó àti kọfí láti pín in fún àgbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn olódòdó etí títì ò jìnnà sí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Réluwé ò tíì sí. Ohun tó bá kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ àti orí ènìyàn ló máa gbé e. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ réluwé láti Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1906, wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí a gbà pé ó jẹ́ ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ibi tí ìtàn ti dùn nìyí. Réluwé lágbára ju lọ́rì lọ fíìfíì. Ìjọba pàápàá ń gbè é lẹ́yìn, wọ́n ń dí àwọn ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ kí réluwé má bàa pàdánù ẹrù. Síbẹ̀ lọ́rì ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló fà á? Réluwé ò dé ẹnu ọ̀nà oko. Ẹni tó bá fẹ́ fi kòkó ránṣẹ́ á kọ́kọ́ wá ohun tó máa gbé e dé tésàn, á tún wá ohun tó máa gbé e kúrò ní tésàn. Lọ́rì á wá bá a nílé. Bẹ́ẹ̀ ni bọ́lẹ̀kájà ṣe gba ìlú: wọ́n á kó ẹńjìnnì àti férémù rẹ̀ wá láti òkè òkun, káfíńtà wa á fi pákó kan ilé sí i lẹ́yìn, èrò àti ẹrù á jókòó pọ̀.

Ẹ̀yìn bọ́lẹ̀kájà yẹn náà ni gbèsè gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ onílọ́rì ò ní ju ọkọ̀ kan tàbí méjì lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń san owó ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ilé iṣẹ́ òyìnbó. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ ní ìgbà òjò, tí ọ̀nà gé, tí kòkó ò sí, gbèsè ò bá a sinmi. Bí oṣù bá lọ tí owó ò wọlé, wọ́n á gba ọkọ̀ wọn padà, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti san. Ìwúwo ẹrù ti kúrò lọ́rùn, ó ti bọ́ sí àpò. Àwọn tó ń ti ọmọlanke lọ́jà ò ní ọlá onílọ́rì, ká sọ tòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa wá gba ọmọlanke lọ́wọ́ wọn nítorí oṣù kan tí ọjà dá.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin wa. Ohun àkọ́kọ́ tí ìtàn yìí máa sọ fún un ni pé ẹrù rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Iyẹ̀pẹ̀ kéré lójú, ó wúwo. Òdòdó tóbi lójú, ó fúyẹ́. Lítà kan iyẹ̀pẹ̀ tútù lè tó kìlógíráàmù kan ààbọ̀. Ike ọ̀dà 50 ló wà nínú mítà kan níbùú, lóròó, lóòró. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ pick-up kì í gbà ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lọ. Nítorí náà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kún fún iyẹ̀pẹ̀, ó ti kọjá agbára rẹ̀: sípíríǹgì á tẹ̀, búréèkì á máa gbọ̀n. Òdòdó ńkọ́? Àyè ló fẹ́, kì í ṣe agbára. Ọ̀tá rẹ̀ ni atẹ́gùn ojú ọ̀nà tó ń gbẹ ewé. Tapólì kan lè ṣe é lóore ju ẹńjìnnì ńlá lọ.

Fún ìdí èyí, iyẹ̀pẹ̀ jẹ́ ti onítípà. Ẹni tó ń tà á náà ló máa gbé e wá, ẹ san owó tírípù, ó tán. Láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, bárò ni. Kò sí ọkọ̀ tó lè gba àárín ilé méjì kọjá bíi tiẹ̀. Bárò tó dáa, tí férémù rẹ̀ nípọn, tí táyà rẹ̀ le, ló yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ọmọkùnrin yìí máa fi owó ara rẹ̀ rà. Igi, koríko àti àpò ìgbẹ́ ló kù fún kẹ̀kẹ́ akẹ́rù tàbí pick-up tí a háyà.

Ìgbà wo ló wá yẹ kó ra tiẹ̀? Kó ra ìwé kan. Fún oṣù mẹ́ta, kó máa kọ iye tó fi háyà ọkọ̀ àti iye ọjọ́ tó lò ó. Kó wá fi wé owó tí yóò máa san lóṣù bó bá yáwó, kó fi epo, táyà, mẹkáníìkì àti owó ìwé ọkọ̀ kún un. Bí háyà bá ti ju ìyẹn lọ láti oṣù dé oṣù, ó ti tó àkókò. Bí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà á kàn máa sùn síwájú ilé ni, gbèsè ò sì ní sùn.

Kó tún wo ọ̀nà tó máa gbà. Kẹ̀kẹ́ tí à ń pè ní Márúwá, orúkọ Buba Marwa ló ń jẹ́, ológun tó ṣe gómìnà Èkó láti 1996 sí 1999. Ìjọba kan mú un wọlé. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba mìíràn fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan àti ní ọ̀pọ̀ òpópónà Èkó. Ẹni tó fi gbèsè ra kẹ̀kẹ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, òfin dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró, kò dá gbèsè rẹ̀ dúró. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ra ohun tó ní táyà mẹ́ta, kó kọ́kọ́ béèrè àwọn títì tí wọ́n ti gbà á láyè láàárín ibi tó ń ta òdòdó àti ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó ní kó ra pick-up ò purọ́, pick-up dáa. Ọ̀rẹ́ tó ní kẹ̀kẹ́ náà ò purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń wo ọkọ̀; ìyá rẹ̀ ló ń wo ẹrù. Bó bá fi owó àsansílẹ̀ onílé sanwó tírípù kan, tó háyà kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ kan, tó sì fi díẹ̀ kún un ra bárò, iṣẹ́ náà á parí, èrè á kù sí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ kejì á dé bá a láìjẹ gbèsè. Bó bá wá di ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé kó lọ ra ọkọ̀, kó lọ rà á. Kó má gbàgbé bárò sẹ́yìn ọkọ̀ náà o, torí pick-up ò lè wọ ẹ̀yìnkùlé.