Ọjọ́ Tí Tẹlifíṣọ̀n Màmá Padà Sí Ọdún 1970

Aago mẹ́fà àárọ̀, Sátidé

Iná dé. Láti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti mú un lọ ládùúgbò wa ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn, bátìrì ìnfátà sì ti tán pátápátá láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bí gílóòbù pálọ̀ ṣe tàn báyìí ni Màmá mú rìmóòtù, torí orí YouTube ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ìwàásù kí ilé tó jí. Tẹlifíṣọ̀n tàn, ó fi hàn lókè pé òun ti so mọ́ Wi-Fi, àmì rẹ̀ sì kún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ YouTube, òbíríkítí kékeré kan ń yí lójú rẹ̀, ó ń yí ṣáá, nígbà tó yá ó ní òun ò rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ju ìwàásù lọ. Àbúrò Màmá, onílù dùndún tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àyàn, máa jókòó lórí ètò kan ní aago mẹ́jọ alẹ́ láti ṣàlàyé iṣẹ́ ìlù fún aráyé. Apá kejì ètò náà ni. Apá kìíní ti kọjá ní Sátidé tó ṣáájú; a ti ní kí dẹ́kódà ká a sílẹ̀, àmọ́ nígbà tí a ṣí fíláàṣì, nǹkan mìíràn pátápátá la bá níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ètò náà kì í tún un ṣe. Torí náà, iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀: kí íntánẹ́ẹ̀tì padà sórí tẹlifíṣọ̀n, kí ohun tó bá sì jáde ní alẹ́ má bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Aago méje

Tóbi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló kọ́kọ́ dá sí i. Ó pa ráútà, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó yọ okùn iná àwọn méjèèjì. Ráútà ló kọ́kọ́ tàn padà, ó dúró títí tó fi rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó tó tan tẹlifíṣọ̀n. Bó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn, torí bí tẹlifíṣọ̀n bá ṣáájú, kò ní rí ẹni tó máa fún un ní àdírẹ́sì. Òbíríkítí náà ṣì ń yí.

“Àǹtí mi, àbí dátà ló tán?”

Ó yọ síìmù ráútà sínú fóònù, ó tẹ *323#, dátà ṣì kù rẹpẹtẹ. Ó dá síìmù padà. Fóònù tirẹ̀, lórí Wi-Fi kan náà, ṣí YouTube lójú ẹsẹ̀.

Ibí ni mo ti sọ fún un pé kó ṣí hotspot orí fóònù náà, ká so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí gan-an, mo sì rò pé òun ló yẹ kí gbogbo ilé kọ́kọ́ ṣe kí wọ́n tó pe oníṣẹ́. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ṣiṣẹ́ lórí hotspot, ráútà ni kí a mú. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ara tẹlifíṣọ̀n ni àìsàn náà wà, kò sì sí ìdí láti máa bú ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò ṣiṣẹ́.

Aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án

Ara tẹlifíṣọ̀n, ó dáa. Ojú ibo nínú rẹ̀? Mo wo irú Wi-Fi tó ń gbà: 2.4 GHz ni, èyí tó ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá ju 5 GHz lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yára tó o. Mo wo àdírẹ́sì tí ráútà fún un: 192.168 ló fi bẹ̀rẹ̀, ó pé. Ká ní 169.254 la bá níbẹ̀ ni, a ó mọ̀ pé ráútà kò dá a lóhùn rárá, pé fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì. Mo pààrọ̀ DNS, ibi tí ẹ̀rọ ti ń béèrè ojúlé àwọn ìkànnì, sí 8.8.8.8 ti Google. Kò yí padà.

Bọ̀dá Múfú tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní ìsàlẹ̀ títì wa wọlé wá kí Màmá. Wọ́n wò ó fìrí, wọ́n ní bọ́ọ̀dù ló ń ṣe é, ká fọ gbogbo rẹ̀ dànù ká dá a padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Bí ìyẹn ò bá ràn án, kí wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó tán.”

Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Síbẹ̀, fífọ ẹ̀rọ dànù ni mo máa ń fi sí ìparí. Gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà ló máa lọ, gbogbo ìkànnì tí Màmá ti tò síbẹ̀ ló máa lọ. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹ̀rọ náà lè yè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ṣe é, kó sì tún dá wa lóró lẹ́yìn tí iná bá tún lọ fún ọjọ́ méjì.

Aago mẹ́wàá kọjá

A rí i. Mo ń lọ láti ojú-ewé kan sí èkejì nínú Settings nígbà tí mo kan ibi déètì àti aago. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1970.

Ọdún yẹn kì í ṣe àdédé. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní ló ń lo Linux lábẹ́lẹ̀, àwọn ètò ìdílé yìí sì ń ka àkókò ní ìṣẹ́jú àáyá láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970. Bí aago ẹ̀rọ bá ti pòórá pátápátá, orí òdo yẹn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Fóònù ní bátìrì tirẹ̀, kì í gbàgbé. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kò ní bátìrì kankan tó ń gbé aago rẹ̀ dúró. Okùn ara ògiri ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, bí iná bá sì dé, wọ́n á tún aago béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Kí ló wá kan YouTube nínú ọ̀rọ̀ aago? Ìkànnì ńlá gbogbo ló ń gbé ìwé ẹ̀rí kan dání láti fi hàn pé òun gan-an nìyí, ìwé náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ fojú inú wo ọlọ́pàá ojú ọ̀nà tó ń yẹ ìwé ọkọ̀ wò, tí kàlẹ́ńdà ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní 1970: kò sí ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú rẹ̀, gbogbo wọn ló máa dá padà. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n Màmá ń ṣe nìyẹn. Wi-Fi dára, dátà pé, ìwé ẹ̀rí YouTube ni kò gbà. Ó wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ní kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń rán àwọn ènìyàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ ra tẹlifíṣọ̀n tuntun, inú mi kì í sì í dùn sí i. Ká ní ó sọ pé “ẹ wo aago mi” ni, wàhálà ì bá ti tán láago mẹ́fà.

Ìdí tí kò fi tún aago rẹ̀ ṣe wà ní ìlà kan péré nísàlẹ̀: wọ́n ti yàn án pé kó máa gba aago láti inú ètò tẹlifíṣọ̀n tó ń bọ̀ láfẹ́fẹ́. Nínú ètò dígítà, aago máa ń bá àwòrán rìn. Ṣùgbọ́n ẹnu HDMI ni Màmá ti ń wo gbogbo ohun tí wọ́n ń wò, láti inú dẹ́kódà, kò sì sí aago tí okùn náà gbé wá fún tẹlifíṣọ̀n. A yí i sí aago orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, a yan Èkó, GMT+1. Ìbéèrè aago lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í béèrè ìwé ẹ̀rí, ìyẹn ló jẹ́ kó lè gba ibẹ̀ jáde. Déètì fò wá sí òní. YouTube ṣí. Oníwàásù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àdúrà ìparí, Màmá dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Aago kan ọ̀sán

Iná lọ. A jẹun.

Màmá ń sọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Ìbàdàn yìí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ọmọdé ni wọ́n nígbà náà, ojú fèrèsé ilé olówó kan ni wọ́n ti máa ń yọjú wò ó. Wọ́n rántí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, wọ́n rántí ẹ̀rín tó ń sọ láàárín àwọn tó kóra jọ síta. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnu ẹlòmíì ló ti máa gbọ́ ọ. “Ìyẹn náà ló dé tí mo fi ní kí ẹ bá mi ká ti Àyàn yìí,” ni wọ́n wí.

Aago mẹ́ta

Iná ti padà, a kọjú sí dẹ́kódà. Dẹ́kódà tí kì í gbowó oṣù ni, díìṣì rẹ̀ wà lórí òrùlé, ó sì ní ihò USB níwájú tí fíláàṣì ń wọ̀. Tóbi ṣí fáìlì Sátidé tó kọjá. Orúkọ fáìlì náà sọ pé aago 20.00 ni gbígbà bẹ̀rẹ̀, bí a ti ṣètò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n agbéròyìnjáde ló wà nínú rẹ̀. Mo ní kí Tóbi dá àwòrán náà dúró. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, aago tí ilé-iṣẹ́ náà máa ń gbé sójú kà á: 9:00.

Wákàtí kan gbáko. A wo aago dẹ́kódà: ó fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti ọwọ́ mi. Aago àgbáyé ni sátẹ́láìtì ń rán wá, oníkálùkù ló máa fi ti ìlú rẹ̀ kún un. Láti ọdún 1919 ni Nàìjíríà ti ń fi wákàtí kan ṣáájú Greenwich. GMT+0 ni wọ́n fi sínú dẹ́kódà yìí. Nígbà tí Bàbá Àyàn ń sọ̀rọ̀ láago mẹ́jọ, aago méje ni lójú dẹ́kódà. Ó ń dúró de mẹ́jọ tirẹ̀.

Aago lẹ́ẹ̀kan sí i! A fi +1 sí i, a sì pa aago ìgbà ẹ̀rùn. Ti Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, àwọn tó ń tì í síwájú sẹ́yìn lọ́dọọdún. Tiwa kì í yí.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀

Ìgbà yìí ni nǹkan fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Màmá rántí pé rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n náà ní bọ́tìnnì pupa tí wọ́n fi ń gba nǹkan sílẹ̀, wọ́n ní kí a fi hard disk ilé sí i, torí ó tóbi ju fíláàṣì lọ. Tóbi kì í sí i. Tẹlifíṣọ̀n béèrè pé kí òun tún un tò kó lè wúlò fún gbígbà sílẹ̀, ó fi “OK” síwájú rẹ̀, àtàǹpàkò Tóbi sì ti wà lórí bọ́tìnnì.

“Má tẹ̀ ẹ́! Tóbi, yọ ọ́!”

Fídíò ìsìnkú Bàbá wà nínú hard disk yẹn, àti fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ wọn. Títò tí tẹlifíṣọ̀n ń sọ, píparẹ́ ni. Yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, yóò tò ó sí ìlànà tirẹ̀, ohun tó bá sì gbà sórí rẹ̀, ó sábà máa ń tì í pa tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ mìíràn kò ní lè kà á. Asán ló sì máa já sí fún wa: ohun tí ẹnu eriali tirẹ̀ bá gbà nìkan ni tẹlifíṣọ̀n náà ń ká sílẹ̀, kò lè ká ohun tó bá ti ẹnu HDMI wọlé. Mo kó hard disk sínú yàrá mi.

A lo fíláàṣì 32 GB. Mo fi kọ̀ǹpútà tò ó sí FAT32 tí dẹ́kódà yìí mọ̀. Ìlànà náà kì í gba fáìlì kan tó ju 4 GB lọ, àmọ́ bí àwòrán bá ń sáré ní mẹ́gábíìtì mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan kò ju 1.8 GB. A ká ìpolówó ọṣẹ díẹ̀ láti dán an wò, a sì wò ó padà. Kò já, kò ta kókó.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́

Ohun méjì ló ń bà mí lẹ́rù: iná àti òjò. Ìnfátà kò tíì gba agbára tó láti gbé tẹlifíṣọ̀n títí ètò á fi parí. Ṣùgbọ́n dẹ́kódà kò nílò tẹlifíṣọ̀n láti ká nǹkan. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gba àwòrán, òun ló ń kọ ọ́ sínú fíláàṣì. Iná díẹ̀ péré ló ń lò. A yọ gbogbo ẹrù kúrò lórí ìnfátà, ó ku dẹ́kódà nìkan. Ní ti òjò, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ojú ọ̀run ṣú lápá Mọ́níyà, bí òjò ńlá bá sì bo díìṣì, àwòrán á máa gé.

Aago mẹ́jọ alẹ́

A ti ṣètò kí ó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú àkókò díẹ̀, kó sì parí lẹ́yìn àkókò. Iná pupa tàn lójú dẹ́kódà. Bàbá Àyàn yọ sójú tẹlifíṣọ̀n nínú agbádá òfì, gúdúgúdú lọ́rùn, wọ́n ń fi han olóòtú bí awọ méjì tí wọ́n fi ń lù ú ṣe ń bọ́ sí i. Màmá ń pariwo oríkì. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé ìyá ìlù ni iná lọ.

Pálọ̀ dúdú. Iná pupa dẹ́kódà kò kú. Òjò kán díẹ̀, ó kọjá lọ.

Aago mẹ́wàá ku díẹ̀

Mo fi fíláàṣì sí kọ̀ǹpútà, VLC ṣí fáìlì náà. Ó pé látòkè délẹ̀, ìyá ìlù, ìṣáájú, kànnàngó, àlàyé lórí bí wọ́n ṣe ń fa ọṣán kí ohùn tó ga. Ibì kan ṣoṣo ni àwòrán ti gé nítorí òjò. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo ṣe òmíràn sínú hard disk.

Bàbá Àyàn pe Màmá. Wọn ò tíì rí ara wọn o. Iná kò sí lọ́dọ̀ wọn láti ìrọ̀lẹ́. Màmá ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, Tóbi ń gbé e bọ̀ lọ́la lẹ́yìn ìsìn, odindi.