Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Wáyà Abẹ́ Òkun àti Ìgbé-Ayé Wa



Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyíinì ni WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire. Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ni ó wà láàrin ibẹ̀ àti Èkó. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ báńkì wa dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tí ó ń ta oúnjẹ ní Igbó Ẹfọ̀n, tí ó ń retí àlẹ́ẹ̀tì kí ó tó jẹ́ kí oníbàárà lọ, ti di ẹni tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun kàn gbọ̀ngbọ̀n.

Báwo ni a ṣe dé ibí yìí? Wáyà kì í ṣe àlejò ní Èkó. Ní ọdún 1886 ni wáyà tẹligíráàmù ti gba abẹ́ òkun dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba amúnisìn àti àwọn oníṣòwò ńláńlá ni ó wà fún. Bí ó bá já, gómìnà ni yóò máa retí ọkọ̀ òkun. Ọjà kò ní tú. Ẹni tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé ọkàn òun fà sí i, kò bẹ wáyà lọ́wẹ̀.

Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé ní ọdún 2001, tí MainOne sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2010, ọ̀nà ni wọ́n fi kún ọ̀nà. Ìyípadà ńlá dé lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ kéde, ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, pé òun yóò pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó bébà wọ́n bí ojú. Ẹni tí kò fi fóònù sanwó rí di ẹni tí ń fi í sanwó tipátipá. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá owó àtijọ́ padà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti mọ ọ̀nà tuntun.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún méjèèjì wé ara wọn. Ní 2023, owó bébà ni ó dí. Wáyà ni ó gbà wá, bí ó tilẹ̀ ń kọsẹ̀. Ní 2024, wáyà ni ó já; owó bébà sì gba ẹni tí ó ní in lọ́wọ́. Nítorí náà, kì í ṣe dídé wáyà ni ó sọ wá di ẹrú rẹ̀, bí kò ṣe dídí ọ̀nà kejì.

Àwọn kan yóò ní kí a ṣáà fi wáyà kún wáyà. Òótọ́ ni pé Equiano, tí ó dé Èkó ní ọdún 2022, kò sí lára àwọn tí ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí kò ní fóònù, ogún wáyà kò ju òfo lọ. Kí ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó mú owó àti ìwé lọ́wọ́ wá. Àwọn baba wa kò rí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.